Líìgì họ́kì Íńdíà jí padà lẹ́yìn ọdún méje, àmọ́ ta ni yóò máa bọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sílẹ̀ díẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ìjà Arsenal àti Chelsea ni ẹ ò tíì jà tán. Kò burú, ìjà yẹn ò ní lọ, yóò dúró dè yín. Ọ̀rọ̀ líìgì kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, tó dákẹ́ lẹ́yìn ọdún 2017, tó sì tún jí padà ní ìparí ọdún 2024. Líìgì họ́kì àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Íńdíà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Hockey India League.

Họ́kì orí pápá ni mo ń wí o, mi ò sọ ti orí yìnyín. Èèyàn mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, kálukú pẹ̀lú ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí òkúta, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́rin. A ń gbá a ní Nàìjíríà náà. Pápá rẹ̀ wà nínú pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Súrùlérè l'Ékòó, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti wọ ibẹ̀ lọ wo eré rí?

Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́jọ ni ikọ̀ ọkùnrin wọn ti gbà nínú họ́kì Òlíńpíìkì, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1928 títí dé 1956, ìdíje Òlíńpíìkì mẹ́fà léra wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan wúrà náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dhyan Chand wà nínú ikọ̀ tó gba mẹ́ta àkọ́kọ́. Títí dòní, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 29 oṣù kẹjọ, ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ eré ìdárayá ní gbogbo Íńdíà.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Lọ́dún 1976 ní Montreal, wọ́n fi koríko àtọwọ́dá rọ́pò koríko gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú Òlíńpíìkì. Koríko yẹn wọ́n bí ojú, eré orí rẹ̀ sì yára ju ti àtijọ́ lọ. Ipò keje ni Íńdíà ṣe. Wọ́n gba wúrà kan sí i ní Moscow lọ́dún 1980, ló bá tán. Ọdún mọ́kànlélógójì gbáko ni wọ́n lò láìrí àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan, kí wọ́n tó gba bàbà ní Tokyo lọ́dún 2021, kí wọ́n sì tún gba òmíràn ní Paris lọ́dún 2024.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n dá líìgì náà sílẹ̀ lọ́dún 2013. Wọ́n wo bí kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe ń pa owó, wọ́n ní àwọn náà yóò ṣe é bẹ́ẹ̀: kí olówó ra ikọ̀, kí wọ́n lu àwọn agbábọ́ọ̀lù ní gbàǹjo, kí wọ́n kó àgbà òjẹ̀ wá láti òkè òkun, kí tẹlifíṣàn gbé e. Ikọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ranchi Rhinos ló gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, Ranchi Rhinos tó kọ́kọ́ gbà á ti pòórá. Àárín àwọn tó ni ín àti àjọ tó ń darí họ́kì dàrú, ni wọ́n bá fi ikọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Ranchi Rays rọ́pò rẹ̀. Mumbai Magicians náà lọ, Dabang Mumbai dé. Lọ́dún 2016, wọ́n tún yí òfin padà, wọ́n ní góòlù tí èèyàn bá gbá wọlé látinú eré gangan yóò máa jẹ́ méjì, kí ojú àwọn òǹwòran lè là. Kalinga Lancers gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2017. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Owó ò wọlé tó bí ó ṣe ń jáde, líìgì náà ò sì wáyé mọ́ fún ọdún méje.

Ọdún méje lè dà bí ohun kékeré lójú àwa tá a jókòó sílé. Ẹ bá mi rò ó lójú ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbá họ́kì. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́dún 2017, tó ń retí kí gbàǹjo tó ń bọ̀ kàn án, ti di ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí gbàǹjo mìíràn tó wáyé. Apá tó dára jù nínú ọjọ́ ayé eléré ìdárayá ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè dá a padà fún un.

Ní 13 sí 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n tún lu gbàǹjo ní New Delhi. Ikọ̀ mẹ́jọ ló wà fún àwọn ọkùnrin lọ́tẹ̀ yìí. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè kó jọ: ó kéré tán mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Íńdíà, mẹ́rin nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, mẹ́jọ yòókù sì lè wá láti òkè òkun. Owó tí ikọ̀ kan láṣẹ láti ná kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 40 rúpì lọ.

Harmanpreet Singh, balógun ikọ̀ Íńdíà tó ju góòlù mẹ́wàá wọlé ní Paris, ni owó rẹ̀ ga jù. Soorma Hockey Club ra á ní mílíọ̀nù 7.8 rúpì. Bengal Tigers san mílíọ̀nù 7.2 lórí Abhishek, UP Rudras san mílíọ̀nù 7 lórí Hardik Singh. Gonzalo Peillat, ẹni tó bá Ajẹntínà gba wúrà Òlíńpíìkì lọ́dún 2016, tó tún bá Jámánì gba ife àgbáyé lọ́dún 2023, lọ sí Hyderabad Toofans ní mílíọ̀nù 6.8. Inú kálukú dùn, ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà.

Àmọ́ kí oṣù méjì tó pé, àwọn oníkíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà náà lu gbàǹjo tiwọn. Mílíọ̀nù 270 rúpì ni Lucknow Super Giants fi ra Rishabh Pant, ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín. Owó Pant lé ní ìlọ́po mẹ́rinlélọ́gbọ̀n owó Harmanpreet. Tí ẹ bá wá ṣírò owó tí gbogbo ikọ̀ họ́kì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láṣẹ láti ná lórí gbogbo ọkùnrin tí wọ́n rà, mílíọ̀nù 320 ni. Ọkùnrin kan nínú kíríkẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó tí líìgì họ́kì fi ra gbogbo èèyàn rẹ̀ tán.

Mi ò sọ èyí láti bú họ́kì o. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin igi yìí sí. Kíríkẹ́ẹ̀tì ti mu gbogbo omi ibẹ̀ tán.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní 28 oṣù kejìlá ọdún 2024 ní Rourkela, ìlú irin kan ní ìpínlẹ̀ Odisha. Pápá tí wọ́n ti gbá a, Birsa Munda ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yà Munda tó dìde sí ìjọba Òyìnbó, tó sì kú sí ẹ̀wọ̀n ní Ranchi lọ́dún 1900 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àga tó wà nínú pápá náà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ. Ìjọba Odisha ló kọ́ ọ fún ife àgbáyé ọdún 2023. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni onígbọ̀wọ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà láti ọdún 2018.

Bí ẹ bá ń bèèrè ìdí tí ìpínlẹ̀ kan tí kò lówó tó àwọn kan yòókù fi gbé họ́kì léjìká báyìí, ẹ lọ sí Sundargarh, agbègbè tí Rourkela wà. Níbẹ̀, àti ní Simdega tó bá a pààlà ní Jharkhand, ọmọdé ń fi igi àti ọparun gé ọ̀pá họ́kì. Dilip Tirkey, tó jẹ́ balógun Íńdíà tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ ààrẹ àjọ họ́kì wọn nígbà tí líìgì yìí jí, ọmọ abúlé Saunamara ní Sundargarh ni. Abúlé yẹn náà ni wọ́n ti bí Amit Rohidas tó gba bàbà ní Tokyo àti Paris. Ẹ̀yin ará, abúlé kan ṣoṣo ni mo ń sọ yìí.

Ohun tó wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ìdíje tí àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn máa ń ṣe láàárín ara wọn. Ẹ mọ ẹ̀bùn rẹ̀? Òbúkọ! Òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ń dán. Abúlé kan á pe abúlé kejì, wọ́n á gbá a lórí iyẹ̀pẹ̀, ikọ̀ tó bá borí á mú òbúkọ lọ sílé, wọ́n á pa á, wọ́n á jẹ ẹ́. Kò sí gbàǹjo, kò sí tẹlifíṣàn, kò sí olówó tó ni ikọ̀. Líìgì olówó dákẹ́ fún ọdún méje, ìdíje olóbúkọ ò dákẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ká sòótọ́, ìdíje Rourkela yẹn dùn wò. Lálaalẹ́ ni mo ń wo àkékúrú rẹ̀ lórí fóònù. Àṣekágbá tó wáyé ní 1 oṣù kejì ọdún 2025 ló wá fi gbogbo rẹ̀ hàn: Bengal Tigers àti Hyderabad Toofans. Peillat kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé fún Hyderabad ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ní ìṣẹ́jú karùndínlọ́gbọ̀n, Jugraj Singh dá a padà fún Bengal. Kí wọ́n tó yọ̀ tán, ní ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Amandeep Lakra tún fi Hyderabad síwájú. Jugraj tún dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, Jugraj lẹ́ẹ̀kẹta! Peillat náà ò gbà, ó sọ ọ́ di mẹ́ta sí mẹ́ta. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí eré parí ni Sam Lane, ọmọ New Zealand, fi ti Bengal wọlé. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Ó parí.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa Jugraj yìí. Attari ló ti wá, ẹnu ibodè Íńdíà àti Pakistan, níbi tí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè méjèèjì ti máa ń sọ àsíá kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí èrò sì máa ń rọ́ lọ wòran. Nígbà tó wà ní kékeré, omi inú ike àti àsíá ló ń tà fún àwọn òǹwòran yẹn kí ilé wọn lè rí nǹkan jẹ. Ẹ ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ẹ̀kó, ẹ ò nílò kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọmọ yẹn náà ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Íńdíà fi na China nínú àṣekágbá ife àwọn akọni Éṣíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Mílíọ̀nù 4.8 rúpì ni Bengal fi rà á. Góòlù méjìlá ló gbá ní gbogbo ìdíje náà, kò sí ẹni tó gbá tó o.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé líìgì bẹ́ẹ̀ kò wúlò rìn. Ó wúlò. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù họ́kì Íńdíà, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń jẹun: wọ́n á gbà wọ́n sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ rélùwéè tàbí iléeṣẹ́ epo nítorí pé wọ́n mọ eré. Harmanpreet fúnra rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ni ní Punjab. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò tíì kàn ńkọ́? Owó líìgì yìí lè kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀. Tí ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bá sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú Peillat, ohun tó máa rí kọ́, kíláàsì kankan ò lè fún un.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ, mílíọ̀nù 30 rúpì ni wọ́n fún un. Ipò kejì gba 20, ipò kẹta gba 10. Mo sì ti sọ fún yín pé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ná tó mílíọ̀nù 40 kó tó kó èèyàn jọ, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura, oúnjẹ àti owó akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìyẹn ni pé ẹni tó borí gbogbo ayé nínú líìgì yìí lè wọlé pẹ̀lú gbèsè. Báwo wá ni ti ẹni tó ṣe ipò kẹjọ?

Ẹ óò ní kí wọ́n gba owó lẹ́nu géètì. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ṣé ẹ rí i, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àwọn aládùúgbò Rourkela ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbádùn pápá tí wọ́n fi orúkọ baba ńlá wọn sọ. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì di òdo.

Èyí tó wá burú jù lójú tèmi nìyí: ikọ̀ tó ń jẹ́ Tamil Nadu Dragons ò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní Chennai nínú ìdíje yẹn. Hyderabad Toofans ò gbá ọ̀kankan ní Hyderabad. Delhi SG Pipers ò gbá ọ̀kankan ní Delhi. Rourkela ni gbogbo wọn kóra jọ sí, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n gbá ní Ranchi. Láàárín ọdún 2013 sí 2017, ikọ̀ máa ń gbá nílé, wọ́n á sì tún lọ bá ẹlòmíràn nílé tiẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ìlú nìkan ló wà lára aṣọ wọn. Ẹ rò ó wò: tí wọ́n bá ní ikọ̀ kan ń jẹ́ Ìbàdàn, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù rí ní Ìbàdàn, ṣé ọmọ Mọ́kọ́lá máa sunkún tó bá pàdánù? Kò ní mọ̀ pàápàá.

Àwọn kan á sọ pé ìjọba Odisha wà níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó kú. Ohun tí ìjọba yẹn ṣe dára, kò sí àní-àní. Àmọ́ ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ìjọba máa ń yí padà. Lọ́dún 2024 gan-an, ìjọba Odisha bọ́ lọ́wọ́ Naveen Patnaik, ọkùnrin tó gbé họ́kì léjìká jù lọ nínú gbogbo òṣèlú Íńdíà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti wà lórí oyè. Àwọn tó gba ipò náà tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ họ́kì náà, orí bá wọn ṣe é. Ṣé orí ló yẹ ká máa gbọ́kàn lé?

Kò pẹ́ tí ẹ̀rí fi jáde. Kí ìdíje tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, UP Rudras kéde pé àwọn ti fà sẹ́yìn, wọ́n ní owó ni ìṣòro. Uttar Pradesh ni ìpínlẹ̀ yẹn o, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Dhyan Chand. Ìgbìmọ̀ tó ń darí líìgì fúnra rẹ̀ ló kó ikọ̀ jọ láti dí àlàfo náà. Ọdún kan péré lẹ́yìn àjíǹde ni èyí. Ohun tó ṣe Ranchi Rhinos ló tún ń yọjú wò wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tí èmi bá ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí n óò kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ikọ̀ padà sílé. Pápá Chennai kò tóbi tó ti Rourkela, kò burú. Kí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó ń gbé nílùú náà wá, kí wọ́n san owó táṣẹ́rẹ́, kí wọ́n mọ orúkọ aṣọ́lé wọn, kí ọmọ wọn fẹ́ ra aṣọ rẹ̀. Owó yẹn lè má ju ti ata lọ lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ owó ẹni tó fẹ́ràn nǹkan ni, kì í sì í tètè sá bí ti ẹni tó wá polówó ọjà. Inú mi dùn pé wọ́n ti gbé ìdíje oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 dé Chennai.

Ìdí nìyẹn tí òbúkọ Sundargarh kò fi kúrò lọ́kàn mi. Kò sí àṣírí kan nínú bí ìdíje yẹn ṣe pẹ́ láyé. Ará abúlé ló ń ṣe é, ará abúlé ló ń gbá a, ará abúlé ló ń wò ó, àwọn náà ló ń jẹ ẹran rẹ̀. Tí olówó kan bá bínú kúrò níbẹ̀, eré ò ní dúró.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá tún gbé líìgì tuntun kan wá síwájú yín, ìbáà jẹ́ ní Íńdíà, ìbáà jẹ́ níbí, tí wọ́n ń fi pápá ńlá àti iye tí wọ́n ra ìràwọ̀ wú yín lórí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó tọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ní ọjọ́ tí onígbọ̀wọ́ bá lọ, ta ni yóò ra òbúkọ?